Táyà kì í wakọ̀: ẹ jẹ́ ká wá orúkọ míì fún front-wheel drive àtàwọn ìyókù ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé ká máa pe front-wheel drive (mọ́tò tó jẹ́ táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí) ní "ìwakọ̀-iwájú", ká pe rear-wheel drive (èyí tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń yí) ní "ìwakọ̀-ẹ̀yìn", kí all-wheel drive (èyí tó ń yí gbogbo táyà) sì jẹ́ "ìwakọ̀-gbogbo-ẹsẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wakọ̀? Dírẹ́bà ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ni "wà" tẹ́lẹ̀, àwa onímọ́tò la yá a lò, èèyàn náà ló ṣì ń wà á títí dòní. Táyà ò wa nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì ló ń yí i, òun náà á wá máa fa mọ́tò lọ tàbí kó máa tì í. Ẹ lọ sọ "ìwakọ̀-ẹ̀yìn" fún ẹni tó ń kọ́ mọ́tò l'Ádó níbí, ohun tó máa rò ni pé ẹ fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi rìfáàsì wọ géètì.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún mọ́tò ṣe n'Íkẹ́rẹ́ ò lọ síléèwé èdè kankan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe kedere ju tiwa lọ. Ó ní Corolla, orí ló ń fà á, ó ní Peugeot 504, "ùdí" ló ń tì í (ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa Èkìtì kì í pe "ìdí" bíi tiyín). Fà àti tì. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló yẹ ká dì mú.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Nígbà òjò tó kọjá mo gbé Corolla mi lọ sóko ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ẹ sì mọ bí Ẹ̀fọ̀n ṣe rí, kò síbi téèyàn fẹ́ yà sí tí kò ní gun òkè. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa yẹn ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, mo gùn ún dé ìdajì, táyà iwájú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, wọ́n ń ta ẹrẹ̀ sókè, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Mo tẹná mọ́ ọn, ó tún burú sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó wò mí títí, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yí i padà, ẹ fi rìfáàsì gùn ún". Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo rọra sọ̀ kalẹ̀, mo yí i, mo fi í sí rìfáàsì, mo kọrùn sẹ́yìn mo sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gùn ún dókè láìdúró rárá.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó dáadáa. Tí mọ́tò bá kọjú sí òkè, ìwọ̀n ẹ̀ á rọ̀ sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, iwájú yẹn náà sì la ní kó fà o. Tí ẹ bá wá yí i padà, táyà tó ń ṣiṣẹ́ á bọ́ sísàlẹ̀, ìwọ̀n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á rí ilẹ̀ dì mú. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ náà orí ò fà, ṣe ló ń tì, ẹnikẹ́ni tó bá fi ìyẹn bá mi jiyàn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ la fi ń sọ nǹkan lórúkọ, ta ló ń fi rìfáàsì lọ sọ́jà?

Ó yá, orúkọ wo wá ni? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n dá "afẹ̀yìntì" lábàá. Ẹ gbà mí o, ẹni tó fẹ̀yìn tì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, báwo la ṣe máa fún táyà tó ń ṣiṣẹ́ jù lára mọ́tò nírú orúkọ yẹn. "Afẹ̀yìnrìn" náà ò dáa, àfi tó bá jẹ́ Corolla mi lọ́jọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. "Atìlẹ́yìn" dùn létí mi gan-an, àmọ́ gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí ìrànlọ́wọ́. Ohun tí mo rí ni pé "ẹ̀yìn" ti níṣẹ́ púpọ̀ jù lédè wa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Èmi fara mọ́ "aforífà" fún front-wheel drive àti "afìdítì" fún rear-wheel drive. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìdí kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń sọ láwùjọ. Kí ló dé? Ṣé ẹ ò lọ sí ìdíkọ̀ rí ni? Ìdí ọ̀pẹ ńkọ́, ìdí iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó ti ń bá ọkọ̀ gbé ni.

Ẹ sì wo bí orúkọ yẹn ṣe ń ṣàlàyé ara ẹ̀. 504 tí wọ́n máa ń di iṣu kún ẹ̀yìn ẹ̀, bí ẹrù ṣe ń wúwo ni ìdí ń rí ilẹ̀ tẹ̀, kó wá ṣófo lórí ẹrẹ̀, ìdí á máa jó kiri. Sienna tí wọ́n kó èèyàn kún ò rí bẹ́ẹ̀, ẹrù ń tẹ ẹ̀yìn, orí tó fẹ́ fà ń fúyẹ́. Ní kọ́nà tó bá ń yọ̀ pẹ̀lú, aforífà á kọ̀ kò ní fẹ́ yà, orí á máa lọ tààrà, afìdítì ní tiẹ̀, ìdí á fẹ́ sáré kọjá orí.

Kò sì sí èyí tó yẹ ká fojú kéré nínú wọn. 504 yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ọdún yẹn gan-an ló gba Safari Rally, ìdíje eré mọ́tò, ní Kẹ́ńyà, ó tún gbà á lọ́dún 1978, afìdítì ni. Mini kékeré tó gba rálì Monte Carlo lọ́dún 1964, 1965 àti 1967, aforífà ni. Àfìgbà tí Audi gbé Quattro, tí ẹ́ńjìnì ń yí gbogbo táyà ẹ̀, jáde lọ́dún 1980 ni nǹkan yí padà. Lancia 037 tó jẹ́ afìdítì ṣì rọ́nà gba ife àwọn tó ń ṣe mọ́tò nínú rálì àgbáyé lọ́dún 1983, àtìgbà náà kò tún sí mọ́tò tó ń fi táyà méjì péré ṣiṣẹ́ tó gbà á mọ́.

Ti Quattro yìí ló wá lágbára. "Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́rin" tí ẹnìkan kọ ò lè ṣiṣẹ́, mọ́tò wo ni ò lẹ́sẹ̀ mẹ́rin? Àmọ́ Yorùbá ní mẹ́rin, ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí gbogbo táyà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ ká pè é ní "afimẹ́rẹ̀ẹ̀rinrìn". Hilux tí dírẹ́bà fúnra ẹ̀ máa ń so tiwájú mọ́ tẹ̀yìn tó bá dénú ẹrẹ̀, kó di "asomẹ́rin", torí ìso náà lọ̀rọ̀ wà: tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ lórí títì gbígbẹ tẹ́ ẹ wá yà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò rin ìwọ̀n kan náà, mọ́tò á máa dì, ẹ ó ba nǹkan jẹ́ nísàlẹ̀. Kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó ní kẹ́ ẹ sáré o, bíréèkì wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbogbo mọ́tò, afimẹ́rẹ̀ẹ̀rinrìn ò tètè dúró ju Corolla lọ. Èmi tí mò ń lọ sí Ìyìn àti Ìgèdè lójoojúmọ́, aforífà tó mi.

Ó ku differential tó jẹ́ kí táyà kan lè yí ju èkejì lọ ní kọ́nà. "Apínyí" ló ń wá sí mi lọ́kàn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa rò ó.