Tòmátò mi ń dorí kodò nínú ilé: omi ni àbí ajílẹ̀?

Ìyá Ẹléwé, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbin tòmátò sínú ike yógọ́ọ̀tì 24, mo tò wọ́n sójú fèrèsé pálọ̀ mi ní Ajílosùn. Kì í ṣe pé mi ò ní ilẹ̀ níta o. Ewúrẹ́ aládùúgbò ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́dún tó kọjá, kí n tó ti ọjà dé ní Sátidé kan, wọ́n ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹni tó ni wọ́n tún ní kí n lọ ṣe ọgbà! Ìdí tí mo fi kó ti ọdún yìí wọlé nìyẹn.

Wọ́n hù dáadáa. Lọ́jọ́ kẹfà, gbogbo wọn ti yọrí. Lónìí ó pé ọjọ́ 16 tí mo gbìn wọ́n. Láti ìjẹta ni ewé wọn ti wálẹ̀ bí etí àgùntàn. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bá ń bomi sí wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tí kò yí padà, mo fi ìka méjì bu ajílẹ̀ oníkóró NPK 15-15-15 sórí ike kọ̀ọ̀kan. Lónìí, mẹ́fà ti dùbúlẹ̀ pátápátá. Fọ́tò wọn nìyí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ìjerò
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ooru ni. Ẹ máa bomi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tòmátò fẹ́ràn omi gan-an.

Bàbá Nọ́sìrì, Ìkọ̀lé
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì bu omi kankan sí i. Omi yẹn gan-an ni mo fura sí. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ṣé ihò wà nídìí ike yẹn? Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ṣé wọ́n máa ń nàró ni àbí wọ́n ṣì rọ? Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, kí lẹ bá níbẹ̀? Kẹ́ ẹ sì wo ẹsẹ̀ àwọn tó ṣubú, níbi tó ti kan ilẹ̀.

Ìyá Ẹléwé
Ihò kẹ̀? Mi ò lu ihò o sà, mi ò fẹ́ kí omi máa kán sórí àga mi. Àárọ̀ gan-an ni wọ́n máa ń rọ jù. Ẹrẹ̀ ni ìka mi bá, ó sì ń rùn bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ tó sùn mọ́jú. Mẹ́rin nínú àwọn tó ṣubú, ẹsẹ̀ wọn ti tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ó dúdú, àfi bí ẹni pé ẹnìkan fi èékánná fún un. Ẹsẹ̀ méjì tó kù ṣì le, ṣùgbọ́n etí ewé wọn gbẹ bí èyí tí iná rà.

Bàbá Nọ́sìrì, Ìkọ̀lé
Ó yé mi báyìí. Nǹkan méjì ló ń ṣe wọ́n.

Àwọn mẹ́rin yẹn, àrùn tó ń jẹ ìdí èhù ni, èyí tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní damping-off. Ohun àìfojúrí kan tó jọ ìran olú ló ń fà á. Inú ilẹ̀ tó tutù rinrin, tí afẹ́fẹ́ ò dé, ló ti ń gbèrú. Èyí tó bá ti ṣubú kò ní dìde mọ́. Ẹ kó o dà nù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Gbòǹgbò náà ń mí. Tí omi bá ti kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, èémí á há a, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò sì lè fa omi mọ́. Ó wá dà bí ẹni tó wà nínú odò dé ọrùn tí òùngbẹ ń gbẹ. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, ó ti tan èmi náà rí, ata rodo bíi ọgọ́rùn-ún ni mo fi omi pa. Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ lóòótọ́, ọ̀sán ló máa ń rọ, tó bá dalẹ́ á nàró, ike rẹ̀ á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí omi ń pa máa ń rọ láàárọ̀, ike rẹ̀ á wúwo.

Àwọn méjì tí etí wọn jóná, ajílẹ̀ ló ṣe wọ́n. Ẹ rántí bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja? Bí NPK ṣe ń ṣe gbòǹgbò nìyẹn tó bá pọ̀ jù.

Kọ́pà Ọ̀tùn
Ẹ tú kápúsù tẹtirasáìkílíìnì kan sínú omi, ẹ fi bomi rin ín. Bí àbúrò màmá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Nọ́sìrì, Ìkọ̀lé
Kọ́pà mi, bakitéríà ni tẹtirasáìkílíìnì ń pa. Eléyìí kì í ṣe bakitéríà. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ fún aláìsàn.

Àǹtí Ọlọ́gbà, Ìkẹ́rẹ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ omi, ṣé ẹ wo fọ́tò yẹn? Ẹsẹ̀ gbogbo wọn gùn jàgàjàgà, wọ́n sì tẹ̀ sọ́dọ̀ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ò tó wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá sì tó, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, omi tẹ́ ẹ bù láàárọ̀ àná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa gbé wọn sí fàráńdà láàárọ̀, bíi wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya bò wọ́n nítorí àwọn ewúrẹ́ yẹn.

Ìyá Ẹléwé
Ó yé mi mà. Àwọn 18 tó kù ńkọ́? Kí n kàn lu ihò sí i ni?

Bàbá Nọ́sìrì, Ìkọ̀lé
Ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, torí NPK ti wà nínú èyí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín àrùn kù, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ tuntun nínú agbada, ẹ bò ó, kó wà lórí iná bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí oru á fi máa jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ po òṣùwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná méjì àti yanrìn odò kan. Mo ní èyí tó ti jinná o, tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó sì ti jẹrà! Tútù á tún jó wọn.

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin sídìí ike. Tẹ́ ẹ bá ń gbé wọn, ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi wà á, kẹ́ ẹ di ewé mú. Ẹ má di ẹsẹ̀ mú: ewé lè hù padà, ẹsẹ̀ tó bá ti fọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tòmátò máa ń ta gbòǹgbò.

Láti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa fún wọn lómi. Ẹ gbé ike sínú abọ́ omi fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé e kúrò kó ro. Ó di ìgbà tí ike bá fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó tún ṣe é, ì báà gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ajílẹ̀ kò tíì kàn. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ yẹn, oúnjẹ tí irúgbìn gbé wá sáyé ló wà nínú wọn. Tí ewé gidi tó ń yọ tẹ̀lé wọn bá ti pé mẹ́rin tí ara wọn sì le, ẹ rẹ ṣíbí ìkótíì kan NPK, ẹ gé orí rẹ̀, sínú omi lítà 10 mọ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ilẹ̀ gbígbẹ kọ́ lẹ ó sì bù ú sí.

Ìyá Ẹléwé (lẹ́yìn ọjọ́ 11)
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará. Márùn-ún tún kú lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n 13 tó kù ti nàró, ẹsẹ̀ wọn ti ki, àwọ̀ ewé wọn ti dúdú minimini. Mo ti gbin òmíràn kún un. Ẹni tó ni ewúrẹ́ rí wọn ní fàráńdà láàárọ̀ yìí, ó ní kí n fún òun ní mẹ́ta. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ so ẹran ẹ̀ mọ́lẹ̀ ná.