Báwo ni sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí ṣe ń gbé ohùn sókè?

Ará Sábó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa etí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ata ní Ìkòròdú níbí, tẹ́ ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Tẹ́ ẹ bá wá gbóhùn sókè, wọ́n á ní kí lẹ̀ ń pariwo mọ́ àwọn sí. Ṣé òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì onírun kan ló ń gbé ohùn sókè nínú etí, pé ikú rẹ̀ ló ń fa èyí? Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Onímọ̀ Etí:
Òótọ́ ni. Irun tó ń hù lẹ́nu ihò etí kọ́ là ń sọ o. Èyí wà nínú kọkílíà, ihò kan tó lọ́ po nígbà méjì àbọ̀, tí omi kún inú rẹ̀. Tí wọ́n bá nà á tán, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 35 lọ. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì onírun méjì ló wà níbẹ̀. Ti inú tò ní ìlà kan, nǹkan bíi 3,500. Ti ìta tò ní ìlà mẹ́ta, nǹkan bíi 12,000. Ti inú ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ: nínú okùn iṣan 100 tó ń gbé ohùn lọ, nǹkan bíi 95 ló so mọ́ wọn. Iṣẹ́ ti ìta ni láti fi agbára kún ohùn.

Bí ohùn bá gbọn ìlù etí, eegun kéékèèké mẹ́ta á gbé e wọnú omi, awọ fẹ́lẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí wà lórí rẹ̀ á sì máa mì. Irun orí sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, okùn tín-ín-rín tó so irun kan mọ́ èkejì á fà, á ṣí ojú ihò, potásíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú omi náà, á rọ́ wọlé, iná ara sẹ́ẹ̀lì á yí padà. Purotéènì kan tó ń jẹ́ prestin kún ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ti ìta fọ́fọ́. Bí iná bá ti yí, prestin á súnkì. Bó bá yí padà, á nà. Sẹ́ẹ̀lì náà á máa kúrú, á máa gùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì máa ti awọ yẹn bó ṣe ń mì. Bí ẹni ń ti ọmọ lórí jáńgílọ́fà ni: agbára kékeré tó bọ́ sí àsìkò ló ń gbé e ga. Ìyàtọ̀ tó ń mú wá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) 40 sí 60.

Ọdún 1948 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Thomas Gold, ti sọ pé etí gbọ́dọ̀ máa fi agbára tirẹ̀ kún ohùn, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Etí òkú ni von Békésy, onímọ̀ nípa etí tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961, yẹ̀ wò jù, agbára yìí kì í sì í sí nínú òkú. Nígbà tó di 1978, David Kemp fi máíkì kékeré sínú etí alààyè, ó gbọ́ ohùn tó ń ti inú etí jáde. Wọ́n wá rí prestin fúnra rẹ̀ ní 2000.

Ìyá Audio:
Kí n fi ti ariwo kún un. Ohùn wẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ti ìta ń ràn lọ́wọ́ jù. Bí ohùn bá ti ń le sí i, ìrànlọ́wọ́ yẹn ń dín kù; tó bá fi máa tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 90, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá kú, ohùn wẹ́rẹ́ á pòórá, ṣùgbọ́n igbe á ṣì wọlé bó ṣe le tó. Àlàfo láàárín “mi ò gbọ́” àti “ó ti pọ̀ jù” ló há.

Ariwo sì máa ń kọ́kọ́ ba agbègbè ohùn tín-ín-rín jẹ́, 3,000 sí 6,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Wọ́n á ṣì gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n “fá” àti “sá” á máa dàrú mọ́ wọn létí, pàápàá láàárín èrò. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ sún mọ́ wọn, ẹ kojú sí wọn, ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó bá ń gbé gbogbo ohùn sókè bákan náà á kàn dá wọn lágara ni. Èyí tí wọ́n tò kó gbé wẹ́rẹ́ sókè, kó sì fi èyí tó le sílẹ̀ ni kí wọ́n béèrè.

Ará Sábó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé àgbo tàbí oògùn lè mú un hù padà? Òwú tí wọ́n ń ki bọ etí ńkọ́?

Onímọ̀ Etí:
Rárá. Ti ẹyẹ máa ń hù padà, ti èèyàn kì í hù. Òwú kò dí ohùn tó nǹkan kan. Fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n fọwọ́ yí i títí á fi tín-ín-rín, kí wọ́n gba ẹ̀yìn orí mú òkè etí, kí wọ́n fà á sókè sẹ́yìn, kí wọ́n ti fóòmù wọlé, kí wọ́n fọwọ́ dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 títí á fi wú. Bó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ ló wà níta, kò tíì wọlé. Ọwọ́ tí ata wà kọ́ o!

Bí ariwo bá jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, kò yẹ kéèyàn wà nínú rẹ̀ ju wákàtí 8 lóòjọ́ lọ. Bó bá fi 3 lé, àsìkò á dín sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 100, ìṣẹ́jú 15 péré.

Ìyá Audio:
Ẹ tún kíyè sí abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn; nínú kọkílíà, sẹ́ẹ̀lì ti ìta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa. Kí ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo sọ fún dókítà kó tó gbà wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ àyẹ̀wò, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń fi ohùn méjì sínú etí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á wá gbọ́ bóyá ohùn kẹta á ti inú etí jáde. Bó bá jáde, sẹ́ẹ̀lì ti ìta ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò ní abẹ́rẹ́, ọmọ tuntun tó ń sùn pàápàá ṣeé ṣe é fún.