Kòkòrò wo ló ń da ewé ilá lu bí asẹ́?

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilá ẹ̀yìnkùlé mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò wẹ́wẹ́ ti lu ewé rẹ̀ jálẹ̀. Kòkòrò tó wà lórí rẹ̀ kò ju ìdajì hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, ó ń dán, orí rẹ̀ sì pupa bí epo. Bí mo bá ti nawọ́ sí i, ó ti fò. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Baba_Aláhéré: Podagrica nìyẹn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lórí ilá nílẹ̀ wa, uniformis àti sjostedti. Itan ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò: ó ki pọ́pọ́, òun ló fi ń ta bẹ́ẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ara rẹ̀ ṣì máa ń wúwo. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ewé, kí ẹ gbọn igi náà, ẹ ó rí i kedere. Etí ewé ni tata ti ń jẹ wọnú, tiyín ń lu àárín. Èyí tó rí rogodo, tó ní àmì tótòtó, tí kì í ta, ẹ má pa á o. Àwọn kòkòrò wẹẹrẹ tó ń fa omi ewé ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ lọ hóró dongoyaro gbígbẹ, gíráàmù 500 sí omi lítà 10, kó sùn mọ́jú. Aṣọ ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dí ẹnu sípíréyà. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé abẹ́ ewé. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un fọ́n.

Baba_Aláhéré: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá, àmọ́ ihò yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kòkòrò yìí ló ń gbé àrùn mòsáíìkì láti ara ilá kan sí òmíràn. Bí ewé bá ti ń pọ́n rúsúrúsú lábala-lábala, kò sí oògùn rẹ̀; ẹ fà á tu lọ́jọ́ náà. Inú ilẹ̀ lọmọ rẹ̀ wà, tó ń jẹ gbòǹgbò, nítorí náà ẹ má tún gbin ilá tàbí iṣápá síbẹ̀ tó bá di àsìkò mìíràn. Àgbàdo ni kí ẹ fi rọ́pò.

Ọgbà_Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé mo lè fi fúlíìtì ẹ̀fọn fọ́n ọn lónìí ná?

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Rárá o! Á jó ewé, ẹ ó sì jẹ ẹ́ mọ́ ọbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rí dongoyaro, ẹ ku eérú tí ẹ ti jọ̀ sórí ewé nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀.