Àtúnṣe Ìta Tinúbú: kí la ó kọ́kọ́ ṣe, ilẹ̀, omi ni àbí ìṣọ̀?

Ọmọ Fájì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Àwa tó ń gbé àti àwa tó ń tajà yí Ìta Tinúbú ká ní Erékùṣù Èkó ń palẹ̀ ìwé mọ́ fún kánsù lórí àtúnṣe gbàgede náà. Ibi tó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n sọ ní Gbàgede Òmìnira ní 1960, tí àwọn ará Lẹ́bánọ́nì sì fi orísun omi ta ìlú lọ́rẹ síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ibi tí èèyàn kàn ń sáré gbà kọjá. Gbogbo ẹni tó dá sí i, táìlì tuntun àti omi tó ń tú sókè ni wọ́n ń pè. Àgbàrá ló ń ba èmi lẹ́rù. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe? Irú ilẹ̀ wo ló máa pẹ́? Báwo ni àwọn oníṣọ̀ kò ṣe ní di ẹni à ń lé? Owó ò pọ̀. Ẹ bá wa fi iye sí i, kí kọngílá má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn rà wá níyè.

Alágọ́tà
Ẹ̀gbọ́n, ibi tó yẹ kí ẹ̀rù wà ló wà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ohun tó bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ṣeé tún ṣe láìhú ohun tó wà lókè.

Ẹ pe sọfèyọ̀ kó wọn gíga ilẹ̀ náà ní gbogbo mítà 5, kó sì wọn ìsàlẹ̀ gọ́tà títì tí omi yín máa já sí. Tí ìsàlẹ̀ gọ́tà bá ga ju ẹnu páìpù yín lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀sà bá sì kún, omi á dúró sínú gọ́tà láìrí ibi lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀sà kún ni kí ẹ lọ wo gọ́tà yẹn, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ká fi mítà onígun mẹ́rin 1,500 ṣe àpẹẹrẹ. Òjò ńlá tó ń rọ̀ ní mílímítà 100 láàárín wákàtí kan, tí ìdá 9 nínú 10 rẹ̀ ń ṣàn lórí ilẹ̀ líle, á mú lítà bíi 37 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Páìpù mílímítà 225 lè gbé e tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà kan. Ní Erékùṣù, ẹ ò ní rí ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ lẹ rí, páìpù náà ò ní gbé ju lítà 32 lọ, ẹ ó nílò 300. Èmi fara mọ́ gọ́tà kọnkéré tó ní ìdérí tó ṣeé ṣí ju páìpù lọ, torí ọ̀rá píọ́ wọ́tà máa dí i, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè wọ inú rẹ̀.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ojú ilẹ̀ fúnra rẹ̀: mílímítà 15 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Láti àárín dé ẹ̀gbẹ́ tó jìn tó mítà 20, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kún ilẹ̀ sókè láti rí 30 yẹn. Ẹni tó bá kún gbàgede ti da omi sí yàrá aládùúgbò.

Ìyá Ewéko
Mo fara mọ́ ti Alágọ́tà. Ní ti ilẹ̀, intalọ́ọ̀kì ni kí ẹ lò, ẹ fi táìlì dídán sílẹ̀: ó ń yọ̀ lójú òjò, tí wáyà bá sì bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀, fífọ́ ni. Intalọ́ọ̀kì ṣeé tú, ó sì ṣeé dá padà. Mílímítà 60 tó fún ẹsẹ̀ èèyàn. Ibi tí ọkọ̀ panápaná tàbí ọkọ̀ pàǹtírí máa gbà, 80 ni, kí ọ̀nà náà sì fẹ̀ tó mítà 4.

Lábẹ́ rẹ̀, òkúta fífọ́ mílímítà 150, tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀mejì, 75 àti 75. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ò ní kì í dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, yanrìn kíkan (sharp sand) mílímítà 40. Yanrìn ìrẹ́lé ò ṣe é lò níbí, omi á gbé e lọ, bíríkì á sì rì. Fún ilẹ̀ 1,500 yẹn, òkúta tó ti kì jẹ́ mítà kúúbù 225, nítorí náà ẹ ra bíi 280. Yanrìn jẹ́ 60. Kẹ́ẹ̀bù, ìyẹn bíríkì etí, tí wọ́n fi kọnkéré dì mú ní gbogbo etí jẹ́ dandan. Níbi tí kẹ́ẹ̀bù kò bá sí, etí ló ń kọ́kọ́ tú, àárín á sì tẹ̀lé e.

Igi ńkọ́? Ọ̀dán ló ń ṣíji bo ọjà àti ojúde ọba nílẹ̀ Yorùbá, ọkàn mi sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri, ó ń la ògiri àti gọ́tà. Tí ẹ ò bá rí ibi tó jìnnà tó mítà 10 sí ògiri àti páìpù, ẹ má gbìn ín. *Terminalia mantaly*, igi elẹ́ka ìpele-ìpele tó wà lójú títì Èkó, á rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ fún igi kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ rírọ̀ tó mítà kúúbù 10, kí ẹ sì fi mítà 1.5 sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká láìsí sìmẹ́ǹtì. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ni kí ẹ gbìn ín. Ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, lítà 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ọ̀gá Omi
Orísun omi ò burú, ìtọ́jú rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé ọ̀pọ̀ kọngílá. Ẹ̀fọn ń ti inú ẹyin dàgbà nínú omi dídúró ní bíi ọjọ́ 7 sí 10, nítorí náà pọ́ǹpù tó bá dá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ti di ilé ẹ̀fọn.

Àwo orísun omi tó jẹ́ mítà 6 sí 6, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 40, gba lítà 14,400. Àsẹ́ gbọ́dọ̀ sẹ́ gbogbo rẹ̀ ní wákàtí 4, ìyẹn lítà 3,600 ní wákàtí kan. Kí gíga omi tó ń tú sókè má ju jíjìnnà láti ẹnu rẹ̀ sí etí àwo lọ. Afẹ́fẹ́ Èkó ń fẹ́, nítorí náà níbi tí ó jìn ní mítà 3, omi mítà 1.5 ni kí ẹ fi sí i, kí ó má baà máa rọ sórí ọjà àwọn èèyàn. Pọ́ǹpù agbára ẹṣin 2 máa jẹ iná kílówáàtì 1.5, ó kéré tán. Wákàtí 8 lójúmọ́ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 12, ẹ kọ ẹni tó máa san án sínú ìwé. Ẹ béèrè fún bọ́tìnnì omi-kéré tó máa pa pọ́ǹpù tí omi bá lọ sílẹ̀, torí sísáré láìsí omi ló ń jó o. Iná inú omi: fólítì 12, pẹ̀lú bíréékà tó ń já ní mílíáńpù 30. Àwọn ọmọdé máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí èyí.

Olùtọ́jú Ilé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo gbàgede nìkan. Ilé Fernandez, tí a tún mọ̀ sí Ilojo Bar tàbí Ilé Ọláìyá, ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti 1855. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016. Ó dùn mí títí di òní. Ẹ ya gbogbo ilé àtijọ́ tó kù sínú àwòrán yín, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti fọ́tò wọn, kí ó tó di pé ẹ̀rọ dé.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kò gbọ́dọ̀ dé mítà 5 sí ògiri amọ̀ tàbí bíríkì àtijọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi ki òkúta níbẹ̀. Ojú ilẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin á gun ògiri. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri wọ̀nyẹn kí wọ́n lè dán, ẹ kọ̀. Sìmẹ́ǹtì ń sé ọ̀rinrin mọ́nú, amọ̀ á sì máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Fájì
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn ìyá oníṣọ̀ ń bèèrè ibi tí wọ́n máa wà. Sọ́kàwéè, kòtò tí omi ń gbà rì sínú ilẹ̀, ńkọ́, ẹnìkan dábàá rẹ̀?

Alágọ́tà
Ẹ gbẹ́ kòtò mítà 1 nínú oṣù Kẹfà. Tí omi bá sun jáde kí ẹ tó gbẹ́ ẹ tán, sọ́kàwéè ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Ewéko
Ní ti àwọn ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ ka èrò. Ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti aago 7 àárọ̀ sí 7 alẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ méjì àti Sátidé kan. Ẹ ya ilà ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà sórí àwòrán. Etí ilà yẹn ni kí ìṣọ̀ wà, mítà 1.5 sí 1.2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi intalọ́ọ̀kì aláwọ̀ mìíràn sàmì sí i, kí mítà 3 sì ṣófo fún ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ti àwọn ìyá náà sẹ́yìn síbi tí èèyàn kì í gbà, láàárín oṣù kan wọ́n á ti padà sójú ọ̀nà.

Àga ńkọ́? Ní New York, òfin 1975 béèrè nǹkan bíi mítà àga 1 fún mítà onígun mẹ́rin 9 gbàgede. Fún ilẹ̀ 1,500 yẹn, tiyín á jẹ́ bíi mítà 165, ṣùgbọ́n etí ògiri kúkúrú náà wà lára rẹ̀, tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 45. Abẹ́ igi ni kí ẹ tò wọ́n sí. Kí ẹ sì pín iṣẹ́ náà sí apá méjì, kí àwọn ìyá lè máa tajà ní apá kan nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ èkejì.