Àṣìtẹ̀ kọ́, ẹ̀yà òǹtẹ̀ ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá láàárọ̀ ni mo fẹ́ dá sí. Wọ́n ní kí Yorùbá wá orúkọ fún "die variety", ìyẹn àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké tí àwọn tó ń ṣa owó wúrà àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ máa ń torí ẹ̀ náwó gọbọi. Ẹnì kan dábàá "àṣìtẹ̀", ẹlòmíràn ní "ẹ̀dà owó". Ẹ forí jì mí, mi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Lọ́dún 1795 tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wó ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ owó wúrà, lábẹ́ Robert Scot tó jẹ́ olórí agbẹ́nà wọn, òòlù ni wọ́n fi ń lu ìràwọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ọdún ní ìkọ̀ọ̀kan wọ ara òǹtẹ̀ ("die"), ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó. Bí irin kan bá sán, wọ́n á tún òmíràn ṣe, ìràwọ̀ tibí á sún mọ́ lẹ́tà ju tọ̀hún lọ. Ẹ mú owó dọ́là mẹ́wàá ti 1795. Idì dúró lórí imọ̀ ọ̀pẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí èyí tó pọ̀ jù, ewé mẹ́tàlá ló wà lára imọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kan wà tí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án péré, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Ta ló wá ṣì í tẹ̀ níbẹ̀? Kò sófin tó ní ewé gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá.

Èyí tó pa "àṣìtẹ̀" pátápátá ni owó dọ́là márùn-ún ti 1802. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà ìparí dáadáa, ẹ ó rí 1 lábẹ́ 2. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ti kọ 1801 sí ni wọ́n tún lò, torí irin tó dáa kì í ṣe ohun à ń dà nù. Gbogbo owó dọ́là márùn-ún ọdún yẹn ló sì rí bẹ́ẹ̀! Ṣé a máa wá sọ pé odindi ọdún kan ni wọ́n fi ṣàṣìṣe ni?

Ní ti "ẹ̀dà", ohun tí a bá dà kọ láti ara òmíràn ni ẹ̀dà. Gbogbo owó tó bá ti ara òǹtẹ̀ kan jáde, ẹ̀dà ara wọn ni wọ́n. Ẹ sì lọ sọ fún oníbàárà pé ẹ̀dà owó wúrà lẹ fẹ́ tà fún un, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní pe ọlọ́pàá.

Èmi fara mọ́ "ẹ̀yà òǹtẹ̀". Mo rí i tí ẹnì kan kọ̀wé pé òǹtẹ̀ ti di ti àwọn akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í ya òǹtẹ̀, lílù là ń lù ú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe owó. Wọ́n á yọ́ wúrà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e róbótó, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i níwá lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí "mọ́ọ̀dù", tí ẹlòmíràn lè fẹ́ lò, náà kò fi bá a mu. Kì í ṣe dída wúrà sínú mọ́ọ̀dù ló ń mú àwòrán jáde lára owó.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ méjì ló ń pàdé, àwọn olóyìnbó ń pè é ní ìgbéyàwó. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí àwa ti ní orogún nílẹ̀ ní tiwa. Òǹtẹ̀ iwájú kan lè bá òǹtẹ̀ ẹ̀yìn méjì tàbí mẹ́ta ṣiṣẹ́. Àwọn owó dọ́là márùn-ún kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kọ 1795 sí níwájú, tó jẹ́ pé nǹkan bí 1798 ni wọ́n lù wọ́n: òǹtẹ̀ iwájú tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fún ní ìyàwó tuntun, èyí tí idì ńlá wà lára rẹ̀.

Nọ́ńbà BD tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, láti ara orúkọ Bass àti Dannreuther, àwọn onímọ̀ owó wúrà méjì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ibi tí mo ti há ni "overdate", ti 2 lórí 1 yẹn. "Ọdún àtẹ̀bò" ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.