iPhone 14 láti Amẹ́ríkà: ṣé "factory unlocked" nìkan tó fún èmi tí mo wà ní Ìsánlú?

Aránṣọ_Ìsánlú:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìsánlú. Àwọn oníbàárà mi tó wà ní Àbújá àti Lọ́kọ́ja kì í wá wo aṣọ fúnra wọn mọ́. Àwòrán ni mo máa ń yà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n wo ọrùn, kí wọ́n wo apá, kí n tó parí ẹ̀. Fóònù mi yìí kì í jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ hàn bó ṣe rí, ìyẹn sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn èèyàn mi.

Mo rí iPhone 14 kan lórí eBay. Amẹ́ríkà lẹni tó ń tà á wà, ó kọ "factory unlocked" sí i, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kankan ò tì í mọ́ línì tirẹ̀ nìkan, owó ẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn ju èyí tí mo rí ní Kàbà lọ. Àbúrò ọkọ mi ní Houston ló máa gbà á, yóò fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Línì méjì ni mò ń lò: MTN táwọn oníbàárà mọ̀, Airtel fún dátà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé tó bá ti dé Ìsánlú, ta ni mo fẹ́ dá a padà fún? Kí ni kí n bi ẹni yìí kí n tó sanwó?

Atúnfóònùṣe_Kàbà:
Ọ̀kun, àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ẹ̀ wá bá mi.

iPhone 14 tí Apple ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò tí wọ́n ń ki síìmù sí rárá. eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ láìsí káàdì. MTN ní eSIM, Airtel náà ní in, fóònù yẹn sì lè gbé méjèèjì pọ̀, nítorí náà kì í ṣe pé kò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Tí iná bá lọ, tí bátìrì kú, kí ni gbogbo wa ń ṣe níbí? A ó yọ síìmù, a ó kì í bọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. eSIM ò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Tí ojú fóònù bá fọ́ pẹ́nrẹ́n, línì táwọn oníbàárà fi mọ̀ yín há sínú ẹ̀ nìyẹn, títí ẹ ó fi dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni línì. Fún ẹni tó ń fi fóònù jẹun, èmi ò fọwọ́ sí i.

Ẹ ní kó ya àwòrán ojú ewé Settings, General, About ránṣẹ́. Ẹ wo Model Number. Tó bá parí sí LL/A, ti Amẹ́ríkà ni. B/A ni ti ìlú ọba, ó ní ihò síìmù kan pẹ̀lú eSIM. ZA/A ni ti Hong Kong, síìmù méjì ló ń gbà. Ẹ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ náà: M ni èyí tí wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí Apple tún ṣe kó tó tún un tà. Níbi Carrier Lock, "No SIM restrictions" ni kó wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun mìíràn. Àwọn kan máa ń ki R-SIM, ìyẹn káàdì pẹlẹbẹ kan, sábẹ́ síìmù kí fóònù tó wà ní lọ́ọ̀kì lè ṣiṣẹ́, wọ́n á wá pe ìyẹn ní unlocked.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Android torí àwọn tó máa ka èyí lẹ́yìn wa. Fóònù lè wà láìsí lọ́ọ̀kì kó má sì gbọ́ nẹ́tíwọọ̀kì wa dáadáa. Band ni ìgbì afẹ́fẹ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì ń gbà kọjá. Band 20, ìyẹn 800 MHz, wà lára ohun tí MTN fi ń gbé 4G. Glo ń lo band 28, 700 MHz. Irú ìwọ̀nyí máa ń rìn jìnnà ju 2600 MHz lọ, ilẹ̀ olókè bíi tiwa sì nílò wọn. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní band 20. Ẹ tẹ nọ́ńbà módẹ́lì sínú GSMArena, ìkànnì tó ń to ohun tó wà nínú fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó rà á. Ti Samsung S21, SM-G991U ni ti àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì Amẹ́ríkà, SM-G991B ni wọ́n ń tà ní ìlú ọba.

Aránṣọ_Ìsánlú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti fi àwòrán ránṣẹ́: LL/A, àmọ́ "No SIM restrictions" wà níbẹ̀. Ó wá ní tí àbúrò ọkọ mi bá fi Zelle (ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì ní Amẹ́ríkà) sanwó fóun tààrà, òun á yọ $40 kúrò. Ṣé kò burú?

Atúnfóònùṣe_Kàbà:
Ẹ má ṣe é, àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Owó Zelle dà bí owó tí ẹ kà lé èèyàn lọ́wọ́ nínú ọjà, eBay ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí ẹ bá sanwó lórí eBay, ẹ ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá dé láti fẹjọ́ sùn pé ohun tí wọ́n júwe kọ́ nìyí. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn láti àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ dé, ààbò yẹn ti bọ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e fún arìnrìn-àjò. Kó tẹ *#06#, kó rí i pé nọ́ńbà IMEI oní-15 náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, bá ti inú àwòrán mu. Kó wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí èyí tí wọ́n jí, tàbí èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á kò san gbèsè ẹ̀ tán. Kó fi línì ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè. Tó bá béèrè Apple ID (àkántì Apple) ẹlòmíràn, kó dá a padà lọ́jọ́ náà. Èmi ò lè ṣí i ní Kàbà, ẹni tó bá sì ní òun lè ṣí i fún yín, owó yín ló fẹ́ gbà.

Aránṣọ_Ìsánlú:
Mo ti fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀. Mo rí B/A kan lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Manchester, owó ẹ̀ fi díẹ̀ lé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní Leeds tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun á ya ojú ewé About ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Ṣé kí n gbé e síbí kí ẹ bá mi wò ó?

Atúnfóònùṣe_Kàbà:
Ẹ gbé e wá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pa IMEI àti Serial Number rẹ́ lórí ẹ̀. Model Number àti Carrier Lock tó fún wa.