Kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré wo ló yẹ ayàwòrán tó ń rìnrìn-àjò káàkiri Èkìtì?

Ayàwòrán Adó béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ àwòrán yíyà ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi kì í sí nínú Adó: òní ìgbéyàwó ní Òmùò, ọ̀la ìsìnkú ní Ẹ̀fọ̀n, lọ́jọ́ mìíràn ọdún Ògún ní Ìrè, tàbí àwọn àlejò tó fẹ́ kí n ya àwọn níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ̀gọ̀sì. Mo ń wá kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo lè máa gbé dání. Mo ní èyí tó tóbi nílé tí mo fi ń ṣe àtúnṣe, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi èyí ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n lè wo àwòrán dáadáa kí n tó kúrò ní ìlú tí mo ti yà á.

Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwákiri yìí ṣì ń dùn mí. Níbi ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá, ìyá ìyàwó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó ń súre fún un, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Àwòrán mẹ́rìnlá ni mo yà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì dára lójú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo ṣí wọn nílé ni mo tó rí i pé gèlè obìnrin kan tó jókòó níwájú ni kámẹ́rà dì mú. Gbogbo òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gèlè náà hàn kedere, ojú ìyá àti ọmọ sì rí bàìbàì. Ká ní mo rí i kí n tó kúrò níbẹ̀ ni, ǹ bá bẹ ìyá náà kó tún súre fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì mọ̀ pé kò ní kọ̀.

Owó mi kò tó ra tuntun, tòkunbọ̀ ni mò ń rò. Kámẹ́rà mi jẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 24, RAW (fáìlì àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àtúnṣe sí) ni mo fi ń yà. Àpò mi ti wúwo tẹ́lẹ̀, orí ọ̀kadà ni mo sì ń gbé e sí nígbà mìíràn, nítorí náà mi ò fẹ́ ohun tó ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Àwọn kan ní kí n ra tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní agbára inú kọ̀ǹpútà ni kí n wò. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré fèsì:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kò sí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ojú kọ̀ǹpútà náà ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó béèrè ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀. Àwọn tó ń tà á yóò máa ka agbára inú rẹ̀ sí ọ létí, ṣùgbọ́n kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè yára tó, bí ojú rẹ̀ kò bá dára, kò lè sọ òótọ́ àwòrán fún ọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìdílé kan níbí ní Ìkéré dá aṣọ ẹtù fún ìsìnkú bàbá wọn, ojúlówó ẹtù tí ìlà tín-ín-rín ara rẹ̀ ń mú èèyàn rántí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lójú kọ̀ǹpútà kékeré tí mò ń lò nígbà náà, dúdú lásán ni gbogbo aṣọ náà, ìlà kan kò hàn. Mo rò pé àwòrán ló ṣókùnkùn, mo bá fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo wọn, wọ́n sì lé ní igba. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní láàbù, ẹtù ti di aṣọ búlúù tó ti ṣá, bí èyí tí wọ́n ti ń sá sí oòrùn láti ọdún mélòó kan. Owó ara mi ni mo fi tẹ òmíràn fún wọn.

Nítorí náà, kó àwòrán tìrẹ sínú fúláàṣì kí o tó lọ sí sọ́ọ̀bù: ọ̀kan tó ní ẹtù, ọ̀kan tó ní àlàárì, ọ̀kan tó ní sányán, àti ọ̀kan tí ẹnìkan ti wọ léèsì funfun nínú oòrùn. Bí o bá rí gígé aṣọ náà mú dání, ó tún dára jù. Dá ojú kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn díẹ̀, kí o sì tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹtù bá ń ṣókùnkùn sí i tàbí tó ń di àwọ̀ eérú bí o ṣe ń yí i, irú ojú tí wọ́n ń pè ní TN ló ṣeé ṣe kó jẹ́, fi í sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó ń jẹ́ IPS kì í yí àwọ̀ padà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo IPS ló péye, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n kọ NTSC (òṣùwọ̀n bí àwọ̀ tí ojú lè fi hàn ṣe pọ̀ tó) ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìwé wọn, pupa àlàárì sì máa ń rẹ̀ lójú wọn bí ẹni pé aṣọ náà ti gbó. Èyí tó bá tó sRGB (òṣùwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwòrán ń lò) ìdá 100 tàbí tó súnmọ́ ọn ni kí o wá. Ní ti ìmọ́lẹ̀, nits 250 lè tó ọ nínú yàrá, ṣùgbọ́n lábẹ́ kánópì ní aago méjì ọ̀sán, ojú ara rẹ nìkan ni wàá máa rí nínú rẹ̀. Má ṣe gba ohun tó bá dín sí 300.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Àwòrán mẹ́gápíksẹ̀lì 24 tìrẹ jẹ́ píksẹ̀lì (ẹyọ tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán) 6000 ní ìbú àti 4000 ní òró, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà 1920 sí 1080 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ lọ. Bí o bá kàn wò ó lódindi, àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ sí ọ níjọ́sí tún lè bọ́ mọ́ ọ lójú. Fà á dé ìdá 100, kí o sì lọ tààrà sí ẹyinjú ẹni tí o yà. Bí o bá rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Adó níbí ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé tọ̀ mí wá. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ nípa ojú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ má ṣe ra orúkọ, torí kọ̀ǹpútà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí ojú wọn má bára mu. ThinkPad X280 ti Lenovo tí àwọn èèyàn ń rà gan-an wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366 sí 768, ó sì wà tó jẹ́ 1920 sí 1080 oní-IPS, béèyàn bá sì gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ ní pípa, kò ní mọ ìyàtọ̀.

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, Windows 11 kì í sì í gba Intel (ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà) tó bá ṣáájú ìran kẹjọ, àfi àwọn díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le fún ayàwòrán. X270, tó ṣáájú X280, ní ihò tó gba káàdì kámẹ́rà yín tààrà, RAM rẹ̀ (ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) ṣeé pààrọ̀, bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ìran kẹfà àti ìkeje ló wà nínú rẹ̀. X280 oníran kẹjọ gba Windows 11, àmọ́ wọ́n ti jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, káàdì kékeré ti fóònù nìkan ni ihò rẹ̀ sì gbà. Bí ẹ bá ra èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí ayé. Ẹ má ṣe gba ohun tó bá dín ní 8.

Bí owó yín bá ká a, MacBook Air M1 tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni èmi yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ wò. Íǹṣì 13.3 ni, kílò 1.29 ni ìwúwo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ tó nits 400, àwọ̀ rẹ̀ sì ju sRGB lọ. Kò ní fáànù, torí náà kò sí fáànù tí yóò máa fa eruku ọyẹ́ wọ inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ihò káàdì rárá, ẹ kò sì lè fi ohunkóhun kún inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ orúkọ ara rẹ̀ (àkáǹtì Apple rẹ̀) kúrò lórí rẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó ra ọ̀kan tí kò ṣeé ṣí mọ́.

Fún àwọn tó ń lo Windows, ẹ tẹ *powercfg /batteryreport* sínú Command Prompt kí ẹ tó sanwó. Yóò fi iye tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti gbà hàn yín, àti iye tó ń gbà báyìí. Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ mi láìpẹ́ yìí tí wọ́n búra fún oníbàárà mi pé bátìrì rẹ̀ ṣì le koko: mílíwáàtì-wákàtí 48,000 ló yẹ kó gbà, 19,000 ló kù.

Ọmọ Ìjerò fèsì:

iPad oní-USB-C ni èmi ń lò, mo fi káàdì rídà sí i lẹ́nu. Fún wíwò nìkan, ó dára, ojú rẹ̀ mọ́, kò wúwo. Ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà káàdì sínú háàdì díìsìkì ni ó máa ń sú mi, torí ihò kan ṣoṣo ló ní, mo gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò sọ ihò kan di mẹ́ta, iná rẹ̀ sì ń lọ kíákíá. Bí mo bá tún rówó, kọ̀ǹpútà ni màá rà.

Ayàwòrán Adó tún kọ̀wé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ṣé. Ohun méjì ló kù tó ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni iná, torí ó ṣeé ṣe kí n lo ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú kan láìrí iná ìjọba, ẹ̀rọ amúnáwá ibi ìnáwó sì máa ń gbé iná sókè-sódò. Èkejì ni àyè. Ṣé gígábáìtì 256 yóò gbà mí?

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré fèsì:

Má ṣe ki ṣájà rẹ bọ ẹ̀rọ amúnáwá ibi tí olórin ti ń lò ó, mo bẹ̀ ọ́. Ra páwà báǹkì tó ní USB-C PD (ìlànà tó ń gbé iná tó pọ̀ gba ẹnu USB-C), kí o sì wo wáàtì tó ń gbé jáde, torí èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù kò ní tó kọ̀ǹpútà. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh ní nǹkan bí wáàtì-wákàtí 74 nínú. Díẹ̀ yóò ṣòfò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n yóò fún Air tí wọ́n ń sọ yẹn ní oúnjẹ àjẹyó kan, torí bátìrì rẹ̀ kò ju 49.9 lọ. Bí o bá sì ń wọ bàálù lọ sí Àbújá, páwà báǹkì tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ kò ní wàhálà, àpò ọwọ́ ni kí o gbé e sí.

Ní ti àyè, RAW rẹ kan yóò máa gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 25 sí 30. Àwòrán ẹgbẹ̀rún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 30, ìnáwó kan sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. 256 yóò gbà ọ́ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kì í ṣe fún oṣù kan. Ra SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì) kékeré tí o lè fi sápò, kí káàdì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà, kí ó ní òmíràn nínú SSD, kí àwọn méjèèjì má sì wà nínú àpò kan náà bí o bá wà lórí ọ̀kadà. Káàdì náà fúnra rẹ̀, má ṣe pa á rẹ́ títí wàá fi délé.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì:

Ẹ ra káàdì rídà oní-USB 3, mà. Gígábáìtì 30 tí yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí rẹ̀ bí káàdì bá dára, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí USB 2, nígbà yẹn wọ́n ti ká àga tán. Ẹ sì lè ṣètò kámẹ́rà kó máa ya JPEG (àwòrán tí wọ́n ti fún pọ̀) kékeré pẹ̀lú RAW, èyí yóò jẹ́ kí wíwò yára.

Ayàwòrán Adó tún kọ̀wé:

Mo ti lọ sí sọ́ọ̀bù lónìí, mo mú gígé ẹtù ìyá mi dání. Wọ́n gbé X280 méjì síwájú mi. Lójú ọ̀kan, ìlà ẹtù pòórá pátápátá. Lójú èkejì, mo rí ìlà náà, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kò ju ìdajì lọ mọ́. Wọ́n ní M1 kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8, àyè rẹ̀ sì jẹ́ 256. Mo gbé gígé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, wọ́n bára mu débi tí ẹni tó ń tà á fi súnmọ́ wa láti wá wò ó fúnra rẹ̀. Mo ti san àsansílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i pé orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ti kúrò lórí rẹ̀ kí n tó san ìyókù.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fi fúláàṣì ṣí ọ̀kan nínú àwòrán ìyá àti ọmọ yẹn, mo sì fà á dé ìdá 100. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan tí mo fi rí i pé gèlè ni kámẹ́rà dì mú.